Ọkọ̀ àlòkù wo ló ṣeé sùn sí?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní London fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tí kò wọ́n, kó sọ ọ́ di ibùsùn lójú ìrìnàjò. Èwo ni kó rà?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, irú Citroën Berlingo, Renault Kangoo tàbí Volkswagen Caddy, ni kó kọ́kọ́ wò. Wọn kì í jẹ epo bíi ọkọ̀ ńlá.

Kó mú téèpù ìwọ̀n dání. Ẹ̀yìn Caddy tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2020 gùn ní nǹkan bíi mítà 1.78; ẹni gíga á ká ẹsẹ̀ kò níbẹ̀. Ti Caddy Maxi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.25, ìyẹn gba fóòmù dáadáa.

Epo tí ọkọ̀ ń lò tún ṣe kókó. Láti oṣù kẹjọ 2023 ni òfin ULEZ lórí èéfín ọkọ̀ ti kárí gbogbo London: ọkọ̀ dísù tí kò bá dé ìwọ̀n Euro 6 ń san pọ́n-ùn 12.50 lọ́jọ́ tó bá rìn níbẹ̀. Ní ti bẹntiróòlù, Euro 4 ti tó.

Kó tó sanwó, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò MOT rẹ̀ lórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ ìpẹtà bá ń jẹ yọ níbẹ̀ lọ́dọọdún, kó wá òmíràn.