Bí Ìró Ṣe Ń Rẹ̀ Nínú Akọ Àpáta

Orí 28 ìwé Jóòbù sọ nípa àwọn tí ń wá fàdákà àti wúrà nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì dẹ́kun. Ní agbègbè Iléṣà, níbi tí wúrà wà nínú akọ àpáta, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko ni àwọn awakùsà ti sọ di kòtò. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà wà tí a fi lè bi àpáta léèrè kí a tó gbẹ́ ẹ.

Bí a bá fi òòlù ńlá lu ilẹ̀, ìgbì ìró yóò gba inú òkúta kọjá. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú akọ òkúta tí ó pé, ó lè rin kìlómítà 5 sí 6. Níbi tí irú òkúta bá ti yí padà, apá kan ìgbì náà yóò padà sókè bíi gbohùngbohùn, ẹ̀rọ jíófóònù yóò sì gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi tọpasẹ̀ ìpele òkúta oníwúrà ní Witwatersrand, ní Gúúsù Áfíríkà, láti àwọn ọdún 1980 wá.

Ṣùgbọ́n ìgbì a máa rẹ̀ lọ́nà, ohun mẹ́ta ni ó sì ń fà á. Èkíní, bí ó ti ń tàn kálẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pín. Èkejì, pàlàpálá àpáta a máa tú u ká. Ẹ̀kẹta, òkúta fúnra rẹ̀ ń sọ díẹ̀ nínú agbára náà di ooru. Ìgbì tí ń gbọ̀n kíákíá ni ó kọ́kọ́ ń sọnù. Bí a bá gbọ́ ìlù àríyá láti òkèèrè, bẹ̀mbẹ́ yóò ṣì máa dún létí wa nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti pòórá.

Báwo ni a ṣe ń wọn àdánù yìí? A ó lu ihò sínú àpáta, a ó fi ẹ̀rọ sí ibi méjì nínú rẹ̀, bí mítà 200 àti 600, a ó sì lu ilẹ̀ lókè. A ó kọ́kọ́ yọ ohun tí ìtànkálẹ̀ mú lọ. Lẹ́yìn náà, a ó wo bí ìgbì kíákíá ti dín kù ju ìgbì tí ó lọ́ra lọ láàárín ibi méjèèjì. Nọ́ńbà tí a bá rí ni à ń pè ní Q. Bí Q bá jẹ́ 100, nǹkan bí 6 nínú 100 agbára ìgbì ni ó ń sọnù nínú ìgbọ̀nrìrì kọ̀ọ̀kan. Bí Q ti tóbi tó ni àdánù ti kéré tó.

Q kékeré nínú akọ àpáta lè fi hàn pé pàlàpálá àti omi wà níbẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ni omi gbígbóná ayé àtijọ́ máa ń gbé wúrà gbà. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé wúrà wà: ihò nìkan ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọn àdánù lè ka ìró tí ó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sí òfo, kí ó sì náwó lu ihò síbi tí kò yẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn físíìsì àti ìṣirò, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ilẹ̀ oko tí a ti gbẹ́ kì í tètè bọ̀ sípò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa láti wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́.