Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Kí ọmọ wa tó lọ ṣe olùkọ́ ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ alẹ́ òní dá lé ọ̀rọ̀ kan tó kan ilé púpọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́.

Ọmọ wa kàwé, ó gba dípúlómù. Iṣẹ́ kò tètè yọjú nílé. Ó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Nàìjíríà ń wá ẹni tó lè kọ́ ọmọdé ní èdè Faransé. Ó di ẹrù rẹ̀. Kí ni ó yẹ kó mú dání? Kí ni kò yẹ kó san owó fún? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gba Licence nínú èdè Faransé. Ọkùnrin kan wá bá ìyá yìí, ó ní òun ń bá ènìyàn ṣe vísà Nàìjíríà. Ó gba 60.000 sẹ́fà. Ìyá ta àgbàdo, ó ta ewúrẹ́ méjì, kí owó náà tó pé. Ọkùnrin náà fún un ní ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa. Ìyá kò tíì mọ ìwé kà nígbà náà. Ó fi aṣọ dì í, ó tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí ọmọ dé ibodè, ọlọ́pàá wo ìwé náà. Ó ní: «Ta ló tà á fún yín? Ọmọ Benin kì í gba vísà kó tó wọ Nàìjíríà.» Owó ti lọ. A kò rí ọkùnrin náà mọ́ títí di òní.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà sọ pé: ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

2. Òfin tó ṣí ọ̀nà

Benin, Tógò àti Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ CEDEAO. Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ní ọdún 1979, àwọn olórí ìjọba fọwọ́ sí òfin ìrìnnà ní Dakar. Òfin náà sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ òmíràn láìgba vísà, kó sì gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n ó béèrè ohun mẹ́ta:

– ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá;
– ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára;
– kí ènìyàn gba ibodè ìjọba wọlé.

Ẹ dúró lórí ẹ̀kẹta yìí. Àwa tí a wà létí ibodè, a mọ ọ̀nà inú igbó púpọ̀. A ń gbà á lọ sí oko, a ń gbà á lọ kí àna. Ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á. Ibodè ìjọba, bíi ti Ìgòlò, ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Òǹtẹ̀ náà ló ń sọ ọjọ́ tí ènìyàn wọlé. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, kí ni ọmọ yín yóò fi hàn?

Ẹ ka ọjọ́ dáadáa. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọjọ́ 90 rẹ̀ pé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Kí ó tó pé, kó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwọlé àlejò, kó béèrè káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń fún ọmọ CEDEAO.

Òfin mìíràn ti ọdún 1986 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú náà kí a sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba kò sí nínú ẹ̀tọ́ yẹn, àfi bí òfin ìlú náà bá gbà bẹ́ẹ̀.

3. Ìwé olùkọ́

Gbígbọ́ Faransé nìkan kò sọ ènìyàn di olùkọ́. Ní Nàìjíríà, ìwé olùkọ́ tó kéré jù ni NCE. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nítorí náà, BEPC kò tó. BAC nìkan kò tó. Ẹni tó ní Licence ṣùgbọ́n tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, yóò tún kọ́ ọ kún un. Ẹni tó gba CAP nílé wa, tàbí tó lọ sí ENS ní Àjàṣẹ́ tó gba BAPES tàbí CAPES, ti ní ìpìlẹ̀ tó dára.

Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ti wọn. Kí atúmọ̀ èdè tí ìjọba mọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja ni ó ń yẹ ìwé òkèèrè wò. Ẹgbẹ́ kan tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, TRCN, ló ń kọ orúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ó ń ṣe ìdánwò fún wọn, ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Ẹ wá wò ó: 60.000 tí ìyá yẹn san fún vísà tí kò sí, ìtumọ̀ ìwé ni kì bá fi san.

4. Àdéhùn lórí ìwé

Ọmọ ìyá náà wọlé ṣá. Ilé ẹ̀kọ́ kan gbà á síṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin, wọ́n san ti oṣù méjì. Nígbà tó béèrè ìyókù, wọ́n ní kó mú ìwé àdéhùn wá. Kò ní in. Ó padà wálé. Lónìí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó ní bí òun bá parí, òun yóò tún lọ, tìwétìwé.

Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ: iye owó oṣù, ọjọ́ tí wọn yóò san án, wákàtí iṣẹ́, àti ibi tí olùkọ́ yóò máa gbé. Kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i. Kí ọmọ fi fótókópì kan sílẹ̀ nílé lọ́wọ́ yín.

5. Ẹ rántí

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣe olùkọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n lé wọn kúrò ní Abidjan ní 1958, ní Niger ní 1963, ní Gabon ní 1978. Ní Niger àti ní Gabon, ìjà òṣèlú ló fà á. Ìwé kò lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, ó ní ohun tó lè fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì lè fi wá iṣẹ́ níbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá fún yín, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá yé yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Ṣé ọmọ Benin ń gba vísà kó tó wọ Nàìjíríà?
2. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tí òfin 1979 béèrè.
3. Ẹnì kan wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ 90 rẹ̀ pé?
4. Kí ló dé tí ọmọ ìyá náà kò fi rí owó oṣù méjì gbà?
5. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kékeré kan láàárín olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́.