Dúdú Awò Kọ́ Ni Ààbò Ojú: Bí A Ṣe Lè Yan Lẹ́ǹsì Fún Awò Òòrùn



Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé báyìí, àwọn ènìyàn máa ń dá wa dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti béèrè oògùn ojú tó ń ta, ojú tó ń pọ́n, ojú tí kò lè wo òòrùn. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ní awò tí dókítà ojú kọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí òòrùn bá ti mú, wọ́n á bọ́ awò náà sínú àpò, wọ́n á fi awò dúdú tí wọ́n rà lọ́jà bo ojú. Òòrùn á rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kòtò ojú títì kò ní hàn mọ́. Ọlọ́kadà tó bá ń gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹni tó gbé sẹ́yìn ta tẹ́tẹ́.

Wọ́n lè ṣe nọ́ńbà ojú yín sínú awò dúdú. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni ohun tí wọ́n fi ṣe lẹ́ǹsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló ń sọ bóyá awò náà yóò dáàbò bo ojú tàbí yóò ṣe é léṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò nílẹ̀. Òòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kì í rí, UV ni wọ́n ń pè é. Ó wà lára ohun tó ń fa ẹran tó máa ń hù láti igun ojú lọ sórí ẹyinjú, èyí tí a ń rí lójú àwọn àgbẹ̀ wa. Ó sì wà lára ohun tó ń mú kí inú ẹyinjú di funfun bí ọjọ́ orí ti ń lọ, tí ẹni náà kò fi ní ríran dáadáa mọ́. Àwọ̀ dúdú nìkan kò dá UV dúró. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú máa ń fẹ̀, a kì í sì í fún ojú mọ́. Bí awò bá dúdú tí kò sì dá UV dúró, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn la ṣí sílẹ̀ fún un. UV400 ni kí ẹ béèrè. Ìyẹn ni pé lẹ́ǹsì náà ń dá gbogbo UV dúró títí dé 400 nánómítà. Awò funfun tó ní UV400 sàn ju dúdú tí kò ní in lọ. Ẹ má gbára lé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí oníṣẹ́ awò fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ó wá kan ohun tí wọ́n fi ṣe é. Dígí ni àwọn bàbá wa mọ̀. Kì í tètè ha, ó sì mọ́ kedere, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé òun ni awò gidi. A kò bá wọn jiyàn lórí pé kì í ha. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó máa ń yọ̀ kúrò lórí imú bí a bá forí kanlẹ̀ ní sùjúùdù, èyí tó sì burú jù ni pé ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Òkúta tí táyà ọkọ̀ ta, ẹ̀ka kòkó tó ta padà nígbà tí a ń fi àdá gé e, ìṣubú kan ṣoṣo lórí ọ̀kadà, èérún dígí lè wọ ẹyinjú. Fún àgbẹ̀ Emùré, fún ọlọ́kadà, fún ọmọdé, àwa kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn dígí.

Ike tí wọ́n ń pè ní CR-39 ló wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù awò. Ìwọ̀n rẹ̀ tó bí ìdajì ìwọ̀n dígí, owó rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀, aró sì máa ń mú un dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í dá gbogbo UV dúró, àfi kí wọ́n fi ààbò UV kún un. Ẹni tí kò béèrè lè gba aláró lásán lọ sílé. Fún olùkọ́, òntàjà àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, CR-39 tó ní UV400 tó.

Polycarbonate la fẹ́ràn jù fún ọmọdé àti fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń ro oko. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe asà àwọn ọlọ́pàá tó ń kojú rògbòdìyàn ni. Bí nǹkan bá bà á, ó ṣòro kó fọ́. Ó fúyẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń dá UV dúró. Ṣùgbọ́n ó tètè ń ha, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi èròjà tó le bo ojú rẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga lè máa rí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè létí nǹkan bó bá fi ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì wò. Gẹ́gẹ́ bí apòògùn, a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá gbọ́ eléyìí: acetone, tó máa ń wà nínú oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, ń ba polycarbonate jẹ́ pátápátá. Ẹ má fi nù ún láé. Ẹ má fi pẹtiróòlù náà nù ún.

Trivex tún wà, tó dé ọjà ní ọdún 2001. Ó lágbára bíi polycarbonate, ó sì ń fi nǹkan hàn kedere jù ú lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì lè jẹ́ pé Adó tàbí Àkúrẹ́ lẹ ó ti rí i. Ẹni tí etí lẹ́ǹsì rẹ̀ nípọn gan-an ni wọ́n máa ń fi 1.67 tàbí 1.74 lọ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe ti ojú; bí ike náà ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó ni wọ́n ń sọ. Ó tínrín, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n tínrín kò ní kó lágbára bíi polycarbonate.

Ní ti àwọ̀, wọ́n ń kà á láti 0 dé 4. 3 ló bá òòrùn ọ̀sán wa mu. 4 ti dúdú jù fún ẹni tó ń wa ọkọ̀. Lẹ́ǹsì tó ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú òòrùn dára fún ẹni tó ń wọlé jáde, bíi olùkọ́ ilé-kéwú, ṣùgbọ́n UV ló ń mú un dúdú, dígí iwájú mọ́tò sì ń dá ọ̀pọ̀ nínú UV dúró, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dúdú fún awakọ̀. Bí ooru bá sì mú gan-an, dúdú rẹ̀ máa ń dín kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní polarised máa ń pa ìkọ̀mọ̀nà títì tó tutù àti ti òrùlé páànù, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe UV400. Ẹ béèrè méjèèjì. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbà, ẹ bọ́ awò dúdú, ẹ wọ funfun, pàápàá bí ẹ bá máa wa ọkọ̀.

Àwọn tó ń múra Hajj máa ń bi wá bóyá awò tako ìhúráàmù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò ka awò ojú sí ìbora orí, nítorí náà ọkùnrin lè lò ó. Ẹ ṣe nọ́ńbà yín sínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí mábù funfun tó yí Kaaba ká máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú.

Bí ojú bá ṣàdéédéé kórìíra ìmọ́lẹ̀, tó ń pọ́n, tó ń dunni, tàbí tí kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, awò òòrùn kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lọ́jọ́ náà. Ẹ má ra oògùn ìkánlójú tó ní dexamethasone tàbí betamethasone láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́: ó lè mú kí ojú funfun lọ́gán, kó sì máa gbé ìfúnpá inú ojú sókè lábẹ́lẹ̀ títí ojú yóò fi fọ́. Ní ti ẹni tí yóò ṣe awò náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ODORBON, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1989 fún àwọn oníṣẹ́ awò àti olùyẹ̀wò ojú.

Bí owó kò bá tó, ẹ dín owó férémù kù, kì í ṣe ti lẹ́ǹsì ọmọ. Kí wọ́n kọ irú ike náà àti UV400 sórí rìsíìtì.

Eruku tiwa ní Ìkẹ́rẹ́ ti ara àpáta wá, ó sì le ju ike lọ. Ẹni tó bá fi etí hìjáábù tàbí bùbá nu awò gbígbẹ ń fi iyanrìn ha á ni. Nígbà àlùwàlá, kí a tú omi sí i lórí, kí a fi ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí a tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Nídìí ìrun, kí a gbé e sílẹ̀ kí lẹ́ǹsì kọjú sókè. Kí a má sì fi í sílẹ̀ níwájú mọ́tò nínú oòrùn, nítorí ooru ibẹ̀ máa ń sán èròjà tí wọ́n fi bò ó.