Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Àdírẹ́sì Ayélujára àti Líǹkì Kì Í Ṣe Ohun Kan Náà



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú òfin ẹgbẹ́, kò sì sí nínú ìwé owó tí a máa ń wá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi WhatsApp pe ìpàdé, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń fi fóònù san owó ìdásí oṣooṣù, a kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́, a máa ń gbọ́ tí akọ̀wé kan ń sọ pé kí wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ sí òun, tí ó sì jẹ́ pé àdírẹ́sì ni ó ń béèrè. Òmíràn á ní òun ti rí àdírẹ́sì, líǹkì ni ó rí. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lè pàdánù owó tí ó ti ń kó jọ láti ọdún mélòó kan wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé tí gbogbo yín mọ̀. Nínú lẹ́jà ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ojú ewé tirẹ̀. Ká ní ojú ewé 47 ni ti Ìyá Alákàrà. Nọ́ńbà 47 yẹn ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ìbáà ṣí ìwé náà tàbí kí ó má ṣí i. Nígbà tí Ìyá Alákàrà bá san owó, akápò yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú káṣíbúùkù, yóò sì kọ 47 sínú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, kí ẹni tí ń yẹ ìwé wò lè mọ ibi tí yóò ṣí. Ohun tí akápò kọ yìí ni líǹkì. Kì í ṣe ojú ewé 47 fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń tọ́ka síbẹ̀ ni.

Wàyí o, bí akápò bá kọ "Ìyá Alákàrà" tí ó sì kọ 74 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú ewé ẹlòmíràn ni owó náà yóò bọ́ sí. Àwa tí a ń yẹ ìwé wò mọ̀ dáadáa pé orúkọ kọ́ ni ó ń gbé owó lọ, nọ́ńbà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni líǹkì rí. Ó ní ohun tí ojú ń rí, ó sì ní àdírẹ́sì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò di dandan kí àwọn méjèèjì bára mu.

Ẹni tí ó so ọ̀nà méjì yìí pọ̀ ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ńlá kan lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland. Ìwé àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fọ́n ká sínú oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, wíwá wọn sì jẹ́ wàhálà. Ní ọdún 1989 ó kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀: kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí ìwé kan sì lè tọ́ka sí òmíràn, níbikíbi tí ìyẹn bá wà. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó jáde láti inú iṣẹ́ yìí ni http://info.cern.ch. Ní ọdún 1993, CERN fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé láìgba kọ́bọ̀, ohun tí ẹgbẹ́ bíi tiwa yẹ kí ó yìn.

Báwo ni a ṣe ń ka àdírẹ́sì? Ohun tí ó kọ́kọ́ wà níwájú ni http tàbí https. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti rí "s" yẹn, ọkàn àwọn balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí "s" ń sọ ni pé a ti di ẹnu àpòòwé ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ará ọ̀nà má baà kà á. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni náà. Olè náà lè di ẹnu àpòòwé.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ, láti ibi igi-wíwọ́ méjì (//) títí dé ibi igi-wíwọ́ kan (/) tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ìparí rẹ̀ lè jẹ́ ti ilẹ̀ kan: .ng fún Nàìjíríà, .bj fún Benin, .tg fún Togo, .ch fún Switzerland. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ pàápàá ní tiwọn, èyí ni .coop, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2000. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ìparí yìí ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ilé.

Ẹ wo èyí: https://info.cern.ch.example.com/owo. Ta ni ó ni ín? Kì í ṣe CERN. Ẹni tí ó ni example.com ni. (Orúkọ tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ ni example.com, a kò bá ẹnikẹ́ni wí.) Bí ènìyàn bá kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà pé "Ààfin Aláàfin, Ọ̀yọ́, Òpópónà Kejì, Mushin," ṣé Ọ̀yọ́ ni ọlọ́kadà yóò gbé e lọ? Mushin ni. Ohun tí ó sì wà lẹ́yìn igi-wíwọ́ kan yẹn, onílé lè kọ ohunkóhun tí ó bá wù ú síbẹ̀, ìbáà ṣe orúkọ ẹgbẹ́ yín.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ọ̀rọ̀ kan wọ inú WhatsApp wọn: "Ẹ tẹ ibí yìí láti gba ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ láìsí onídùúró." Orúkọ ẹgbẹ́ ni a kọ sí i ní àwọ̀ búlúù, ó sì dùn ún wò. Obìnrin oníṣòwò kan tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé tí ó ṣí béèrè nọ́ńbà káàdì bánkì rẹ̀, PIN rẹ̀, àti nọ́ńbà tí bánkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Owó ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ́ san lọ́sẹ̀ kejì ni ó bá a lọ. Ọ̀rọ̀ "láìsí onídùúró" nìkan ì bá ti tó láti fura, nítorí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wo ni ó ń yáni lówó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wo àdírẹ́sì tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà, ì bá rí i pé kò sí ohun tí ó kan ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà àtiwò ó kò le. Lórí fóònù, ẹ má ṣe tẹ líǹkì kí ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ fi ìka mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù yóò fi àdírẹ́sì inú rẹ̀ hàn yín kí ó tó ṣí. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé atọ́ka lé e láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì jẹ́ kí líǹkì tí a kọ bí àdírẹ́sì tàn yín jẹ: ẹlẹ́tàn lè kọ àdírẹ́sì tòótọ́ sójú, kí ó fi òmíràn sábẹ́. Nínú lẹ́tà orí ayélujára ni èyí ti wọ́pọ̀ jù.

Ohun tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn ka méjèèjì sí ọ̀kan ni pé bí a bá kọ àdírẹ́sì sínú WhatsApp, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di líǹkì. Èyí tí a bá kọ sára pátákó tàbí sínú ìwé ìròyìn yìí kò lè di líǹkì. Ẹ ní láti fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun tí à ń pè ní QR, tí ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Japan ṣe ní ọdún 1994, líǹkì ni òun náà lè jẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ kàn fara pa mọ́ sínú àwòrán ni. Ẹ ka ohun tí fóònù bá kọ jáde láti inú rẹ̀ kí ẹ tó gbà kí ó ṣí.

Nígbà mìíràn líǹkì á tọ́ka sí ibi tí kò sí mọ́, nítorí pé onílé ti kó kúrò. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Kí akọ̀wé wá àdírẹ́sì tuntun, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ fún ìpàdé tí ń bọ̀: kí akọ̀wé kọ àdírẹ́sì méjì yìí sára pátákó, https://cern.ch.example.org/info àti https://info.cern.ch/example.org. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tí ó ni èkíní àti ẹni tí ó ni èkejì, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó.