Màmá Fẹ́ Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ sí Nassau

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí a jọ gba Miami wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Nassau àti Grand Cayman. N kò wọ ọkọ̀ omi rí. Kí ló yẹ kí n mọ̀?
Ìyá àgbà kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìdáhùn: Màmá, ẹ lọ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kọ́kọ́ yẹ físà Amẹ́ríkà yín wò: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹ ó jáde, ẹ ó sì tún padà. Kí ọmọ yín béèrè ohun tí erékùṣù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Ní Nassau, ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí èbúté. Ní Grand Cayman, ojú omi ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí; ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò dé George Town. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ dì yín lọ́wọ́ mú. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó dá rìn tó sì pẹ́.

Ẹ má fi Nassau mọ sí ọjà èbúté. Ẹ dé Fox Hill. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nango Town, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀rúndún 19 tẹ̀dó sí. Ẹbí wa ni àwọn àtọmọdọ́mọ wọn. Ẹ bá wa kí wọn.