Ìfiwéra Ìjímèrè àti Àparò Nínú Ọ̀dàn àti Nínú Òwe

Ìjímèrè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà ọ̀bọ; ẹyẹ sì ni àparò. Síbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni àwọn méjèèjì ti ń wá oúnjẹ, wọ́n sì máa ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gédégédé ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ẹsẹ̀ ni ìjímèrè gbójú lé. Ó lè sáré tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Kò sí ọ̀bọ mìíràn tí ó yára tó o. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, 'Ìjímèrè tó lóun ò ní sá fájá, ojú ajá ni ò tíì tó o.' Àparò ní tirẹ̀ máa ń lúgọ. Àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ jọ koríko gbígbẹ. Ìgbà tí ewu bá dé tòsí gan-an ni ó tó ń fò. Ilẹ̀ ni ó ń yé sí, ilẹ̀ náà ni ó ń rìn. Èyí ni ó fà á tí wọ́n fi ní, 'Àparò kan ò ga ju àparò kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè.'

Ó hàn gbangba pé àkíyèsí tí ó jinlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ òwe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ òwe ìjímèrè ni kò rí ìjímèrè rí. Ní 2020, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó ń sún mọ́ ewu àkúrun. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó béèrè ìtumọ̀ òwe, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìrísí àti ìṣe ẹranko inú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ ẹranko, ọ̀rọ̀ lásán ni òwe rẹ̀ yóò dà lẹ́nu rẹ̀.