ÈJÌKÁ RÍRO LÓRÍ KẸ̀KẸ́ OLÓGEERE: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌYÁ ỌLỌ́JÀ

Ẹ̀kọ́ tọ̀tẹ̀ yìí wà fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti abúlé wá sọ́jà, àti àwọn tí ọmọ wọn ń fi kẹ̀kẹ́ kiri búrẹ́dì.

Àbúrò wa kan, ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni, a ò rí i fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta léraléra. A bá lọ wò ó nílé. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú, èjìká ni. Mi ò lè gbé apá sókè we gèlè mọ́." Ó ti ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú mọ́tò, ó ń lò ó láàárọ̀ lálẹ́, inú ti wá ń ta á. Ó ní òun fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀.

A ní kó jẹ́ ká wo kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ olóògbé ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin gíga. Ìjókòó ga, imú rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ó sì jìnnà sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ńṣe ló ń nà gbọọrọ kọ́wọ́ rẹ̀ tó tó o, gbogbo ara rẹ̀ wá rọ̀ sórí apá méjèèjì. Ó ní òun ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, torí bí ọkọ òun ṣe tò ó nìyẹn. A ní, "Ọkọ rẹ ò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó lè ṣẹ́ ọ lápá." Ohun tí a ṣe nìyí o:

1. Ìjókòó. Kí ẹnìkan bá yín di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀: kí ẹsẹ̀ nà tán, kí ìdí má yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Kí ìjókòó tẹ́jú dáadáa.

2. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá jìnnà tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi sípánà gbé e sókè díẹ̀. Kó má fà á jáde jù, kó má baà yọ lójú títì.

3. Ara. Wọ́n ní èjìká kì í ga ju orí, àmọ́ bí ara bá le lórí kẹ̀kẹ́, èjìká á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí! Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀. Ẹ tẹ ìgúnpá díẹ̀, torí ìgúnpá tó bá le gbagidi, èjìká ni gbogbo kòtò ọ̀nà ń gbá. Ẹ má fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni mú olè.

4. Ẹrù. Ẹ má gbé báàgì kọ́ èjìká kan. Ẹ dì í mọ́ káríà, kó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì.

5. Ìsinmi. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ẹ yí èjìká sẹ́yìn nígbà 10. Ẹ fa méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni pé kí wọ́n pàdé, ẹ ka ení dé àrún, ẹ tú u sílẹ̀.

Bó bá ti ń ro yín, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi aṣọ tí a rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Ẹ má so apá rọ̀ pátápátá o, ẹ máa rọra gbé e, kó má baà gan. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó tètè lọ fi han dókítà, torí èjìká tètè ń gan fún wọn. Oògùn inú mọ́tò ńkọ́? Òmíràn nínú wọn máa ń dá egbò sí inú. Ẹ sá fún un.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí èjìká bá ń ro, tí àyà fún pọ̀, tí òógùn tútù ń bò yín, tí ẹ ò lè mí dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́, ó lè jẹ́ ọkàn. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Bí ẹ bá ṣubú, tí apá ò ṣe é gbé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà.

Àbúrò wa fi oògùn yẹn sílẹ̀, ó sì sinmi. Nígbà tó ṣe, ó gun kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ wọ ọjà, ó sì fúnra rẹ̀ we gèlè. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ká má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o. Àṣẹ.